Ajá Tí Yóò Bá Yín Ṣọdẹ Lọ́jọ́ Gálílì

Ìsọlọ̀, Èkó.
Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Olúbùnmi, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ ilé, o kú iṣẹ́ ọ́fíìsì. Mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí Abẹ́òkúta tó gbà yín lálejò.

Ṣọ́ọ̀bù mi ní Bọ́ládé ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí. Àwọn ọmọ iléèwé wà nínú ìsinmi ráńpẹ́, kò sẹ́ni tó ń wá rán yunifọ́ọ̀mù, màṣíìnì náà sì ń sinmi. Ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lórí fóònù lánàá kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tí mo gbọ́ ni pé Táígà, ajá tí Fẹ́mi gbà wálé fún ọ, kò gbọ́ràn. Pé ìyá Fẹ́mi kò fẹ́ẹ́ rí i sójú. Pé ilé yín ni gbogbo ẹbí ti máa ṣe Gálílì lọ́dún yìí. Àti pé o fẹ́ fi ajá náà ta ẹnìkan lọ́rẹ kí Àjíǹde tó dé. O wá ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀," o sì pa fóònù.

Mi ò ní fi í sílẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Lẹ́ńtì ni, àkókò wà dáadáa. Ajá tó ń fi imú tú gbogbo bàtà inú ilé síta, bí o ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yẹn, ọdẹ gidi ni. Ẹ ò tíì fún un níṣẹ́ ni.

Ka ibi tó kàn yìí sí Fẹ́mi létí, nítorí wọn kì í ṣe irú rẹ̀ nílé wọn. Baba tó bí bàbá rẹ, ọdẹ ni lábúlé wọn. Lọ́jọ́ Gálílì, ìyẹn ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Àjíǹde, nígbà tí àwọn yòókù nínú ìjọ bá ń ru ìrẹsì lọ sábẹ́ igi láti lọ ṣeré, òun á kó àwọn ọmọ rẹ̀ àti ajá rẹ̀ wọ igbó. Nígbà tí àwọn ọmọ náà wá dé Èkó, tí wọn ò rí igbó kankan láti Òṣòdì títí dé Okota, ìyá wọn, Màámi, gé ìró àdìrẹ ara rẹ̀, ó fi rán ẹtu kan. Ó ki òwú àti àkísà sí i nínú, ó sì dá àpò kékeré sí i níkùn, níbi tí a máa ń ki egungun pańla sí kó lè rùn bí ẹran. Ẹnìkan á gbé ẹtu yìí pamọ́, àwọn yòókù á sì máa dọdẹ rẹ̀ kiri. Òfin tí baba àgbà fi lélẹ̀ ni pé ilé tí a bá ti rí ẹtu ni gbogbo ọdẹ ti gbọ́dọ̀ jẹun kí wọ́n tó tú ká.

Ọdún tí o wà lókè Ọya, tí o ń ṣe àgùnbánirọ̀, ni ajá kọ́kọ́ bá wa ṣe é. Ọdún yẹn náà ni bàbá rẹ àti àbúrò rẹ̀ parí ìjà. O gbọ́ pé wọ́n parí ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì sọ bó ṣe parí fún ọ. Màá sọ ọ́ nínú lẹ́tà yìí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó kan Táígà.

Èkíní, orúkọ. O rántí ohun tí Bàbá Kúnlé, àbúrò bàbá rẹ, sọ létí sàréè Màámi. Nígbà tí àìsàn dé, òun ní kí wọ́n gbé ìyá wọn wá sí Èkó. Bàbá rẹ tó jẹ́ àgbà ní kí wọ́n jẹ́ kó wà nílé, pé afẹ́fẹ́ abúlé á tù ú lára. Màámi kú. Bàbá Kúnlé wá sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé, "Ẹ̀yin lẹ pa á." Láti ọjọ́ náà, òpópónà kan péré ló wà láàárín ilé wa àti ilé rẹ̀ nínú Ìsọlọ̀ níbí, ṣùgbọ́n omi lásán, wọn ò mu ún nílé ara wọn mọ́. Nígbà tí a gba ọmọ ajá, bàbá rẹ sọ ọ́ ní Ẹyinlọ̀rọ̀, kí àbúrò rẹ̀ lè máa gbọ́ ọ nígbàkígbà tó bá ń kọjá, kó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá balẹ̀ ti fọ́ nìyẹn. Ajá ò mọ̀ pé òwe ni. Bí mo bá ní "Ẹyinlọ̀rọ̀," kò ní gbójú sókè. Nígbà tí mo gé e kúrú tí mo ń pè é ní "Ẹyin, Ẹyin" lẹ́nu géètì, ìyàwó kan yọ lójú fèrèsé òdìkejì, ó ní, "Mọ́mì, èló ni kíréètì?" Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ ọ́ di Lọ̀rọ̀, kíá ló sì ń jẹ́ mi lóhùn. Táígà dára, ó kúrú. Ṣùgbọ́n ìwọ ní Fẹ́mi ń pè é ní Táí, pé àwọn ọmọ ilé kejì ń pè é ní Bíńgò. Ẹ fi ẹnu kò sórí ẹyọ kan.

Èkejì, ọ̀rọ̀ tí wàá máa bá a sọ. Èyí dà mí láàmú gan-an. Bí mo bá fẹ́ kí Lọ̀rọ̀ wá sọ́dọ̀ mi, màá ní, "Wá." Bí mo bá fẹ́ kó lọ wá ẹtu, màá ní, "Wá a." Ìwọ gbọ́ ọ létí ara rẹ ná. Ajá á sáré dé ìdajì ọ̀nà, á yíjú padà, á tún wá jókòó síwájú mi, á máa wò mí. Mo rò pé òpè ni. Bàbá rẹ ló jókòó sí kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan tó ní, "Ìyá Bùnmi, ò ń pè é, ò ń lé e. Kí ni kó ṣe?" Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ pé, "Ọdẹ yá." Kò sóhun mìíràn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Kí a tó pè é tán, imú rẹ̀ á ti kanlẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bí a ṣe ń kọ́ ọ gan-an. Má kọ́ ọ lẹ́yìn tó bá ti yó, ṣáájú oúnjẹ ni. Rán ẹtu kékeré kan, màá fi àdìrẹ tó kù ránṣẹ́ sí ọ. Ki pańla sí i níkùn. Jẹ́ kó gbóòórùn rẹ̀, kí o gbé e sílẹ̀ lójú rẹ̀ báyìí, kí o sọ pé, "Ọdẹ yá." Bó bá ti fi imú kàn án, yìn ín, kí o fún un ní ẹran bíńtín. Bó bá ti mọ ìyẹn, gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n jẹ́ kó rí ọ bí o ṣe ń gbé e síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí o tó máa gbé e pamọ́ láìjẹ́ kó rí ọ. Lẹ́yìn èyí, so okùn mọ́ ẹtu, kí o fà á nílẹ̀ láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé, kí ajá máa tọ òórùn náà lọ. Bí kò bá rí i, má bínú. Dá a padà síbi tó rọrùn, kó tún rí i. Ohun tó máa ń dùn mọ́ ajá ni pé ó rí i.

Má ṣe é pẹ́. Èmi àti Lọ̀rọ̀ máa ń ṣe é títí á fi sú u, lọ́jọ́ kejì kò ní fẹ́ẹ́ rí ẹtu. Ìgbà tó bá ṣì ń jà fún un ni kí o gbé e kúrò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀kẹrin, kó mọ bó ṣe ń yọ̀ǹda ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. Má ja á gbà, nítorí bí o bá ń fà, tí òun náà ń fà, ó ti di eré nìyẹn, aṣọ á sì ya. Na ẹran tó dára ju pańla lọ sí i, kí o sọ pé, "Fi sílẹ̀." Bó bá ti já a sílẹ̀, fún un ní ẹran náà, kí o tún gbé ẹtu lé e lọ́wọ́. Á mọ̀ pé yíyọ̀ǹda kì í ṣe àdánù. Fi èyí kọ́ ọ kí àwọn ọmọdé tó bá a ṣeré rárá. Kí o sì kọ́ àwọn ọmọdé náà: wọn ò gbọdọ̀ fà á nírù, wọn ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn án nígbà tó bá ń jẹun.

Ariwo ńkọ́? Lọ́jọ́ Gálílì, àwọn ọmọ á máa pariwo, ẹnìkan á sì yin bánńgà láìṣe pé a rán an. Ohun tí mo ṣe ni pé, nígbà tí Lọ̀rọ̀ bá ń jẹun, màá ní kí ẹnìkan máa lu ọmọrí ìkòkò lọ́nà jíjìn. Bí kò bá ti kà á sí, ẹni náà á sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, bí ọmọrí ìkòkò bá ti dún, àwo oúnjẹ ló máa ń wá lọ. Mo tún ń mú un fi okùn rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń dín àkàrà ní kọ̀rọ̀ òpópónà wa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fẹ́ẹ́ kó sínú agbada. Bó bá ti wo àkàrà, màá dúró, n kò ní sọ̀rọ̀. Bó bá wò mí, màá fún un lẹ́ran. Ó wá di pé bí ó bá ti gbóòórùn àkàrà, ojú mi ló ń wò. Ìyá alákàrà ní, "Ajá yìí ti dọlọ́kàn méjì." Mo ní rárá o, ó ti dọlọ́kàn kan ni.

Àjẹsára dìgbòlugi ńkọ́? O ò dá mi lóhùn lórí fóònù. Mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lọ́sẹ̀ yìí, kó tó di pé ọmọ ọlọ́mọ kankan sún mọ́ ọn. Lọ́jọ́ ọdún, kẹ́nikẹ́ni má fún un ní egungun adìẹ tí a sè, ó lè gún un nínú. Ẹ má fún un ní ṣokoléètì, ẹ má sì fún un ní ọbẹ̀ alálùbọ́sà. Ẹ gbé omi síbi tí oòrùn ò dé fún un.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ wàyí. O ní ajá bù ú jẹ nígbà tó wà lọ́mọdé. O tún ní Fẹ́mi fẹ́ẹ́ gbé Táígà lé e lẹ́sẹ̀ lójijì kí ẹ̀rù lè tán lára rẹ̀. Kó má dán an wò. Èmi náà ti gbìyànjú irú ẹ̀ rí. Mo dá bàbá rẹ àti Bàbá Kúnlé lọ́gbọ́n, mo ní kí ọ̀kan wá gbé aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí èkejì wá bá mi wo iná màṣíìnì. Wọ́n pàdé. Bàbá rẹ yíjú sógiri, Bàbá Kúnlé ní, "Ìyàwó wa, ẹ ṣeun," ó sì jáde. Fún oṣù bíi mélòó kan, kò yà kí mi ní ṣọ́ọ̀bù mọ́, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ló bá jà. Nítorí náà, bí Màmá Fẹ́mi bá ń bọ̀, so Táígà síbi tí wọn á ti máa rí i lókèèrè. Fún wọn ní àga tó kọjú sí i. Sọ fún wọn pé, "Màmá, okùn rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ yín, mo ti wọ̀n ọ́n." Má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ju ẹran sí i lọ́jọ́ kan, má pàtẹ́wọ́, ṣe bí ẹni tí kò rí i. Bí wọn ò bá sì jù ú láéláé, ilé ọmọ wọn ni, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó níbẹ̀ láìsí ìpayà.

Ó yá, jẹ́ kí n sọ ti ọdún yẹn fún ọ.

Bàbá rẹ ló kàn láti gbé ẹtu pamọ́. Láàárọ̀ Gálílì, ó jáde kí ẹnikẹ́ni tó jí dáadáa. Nígbà tó padà wọlé, eruku bo bàtà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń rùn ní pańla. Mo ní, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé lẹ lọ ni?" Ó ní, "Igbó ti fẹ̀ sí i lọ́dún yìí."

Gbogbo wa pé jọ: àwọn ọmọ ilé, àwọn ayálégbé, àwọn ìbátan tó wá láti Ire-Akari. Mo tú Lọ̀rọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú okùn gígùn, mo ní, "Ọdẹ yá." Mo ti rò pé ẹ̀yìn táńkì omi ló máa gbà lọ. Ó fi imú kanlẹ̀, ó yípo lẹ́ẹ̀kan, ó sì kọjú sí géètì. Mo fà á padà. Ó tún kọjú síbẹ̀. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pé àkàrà ló ń wá lọ. Mo wo bàbá rẹ, ó gbójú sílẹ̀. Mo bá ní kí wọ́n ṣí géètì.

A jáde sí òpópónà, a ń kọrin ọdẹ. Lọ̀rọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàrà, ó wojú mi, ó sì kọjá. Ewúrẹ́ kan dá sí ọ̀nà, kò kà á sí. Ajá méjì gbó o láti ẹ̀yìn géètì kan, ìrù rẹ̀ wọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Orí mi wú, Àṣàkẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ. Nígbà tó yà sí òpópónà kejì, orin bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, nítorí wọ́n mọ ilé tó wà níwájú. Nígbà tó fi dúró níwájú géètì Bàbá Kúnlé, tó ń fi ọwọ́ họ ọ́, àwọn ọmọdé nìkan ló ṣì ń kọrin.

Mo fẹ́ẹ́ pè é padà. Lẹ́nu òótọ́, ẹ̀rù bà mí. Géètì ṣí. Bàbá Kúnlé fúnra rẹ̀ ló dúró níbẹ̀, ó wọ ṣòkòtò ilé.

Ó ní, "Ìyàwó wa, kí ló dé?"

Mo ní, "Ajá ló mú wa wá, Bàbá Kúnlé. Ẹtu là ń wá."

Ó ní, "Nínú ilé mi?"

Lọ̀rọ̀ kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé, okùn já mọ́ mi lọ́wọ́. Ó lọ tààrà sábẹ́ àga gígùn tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé, ó wọlé dé ìdajì ara, ó sì fi ẹ̀yìn jáde pẹ̀lú ẹtu lẹ́nu. Ó ń gbé e bọ̀ wá fún mi. Níwájú Bàbá Kúnlé tó dúró láàárín wa ni mo ti ní, "Fi sílẹ̀." Ó já a sílẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

Bàbá Kúnlé bẹ̀rẹ̀, ó gbé e. Ó gbọn eruku ara rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ra àdìrẹ náà, ibi tí Màámi gán pọ̀ lọ́rùn. Ó wá ní, "Ta ló gbé e síbí?"

Ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní, "Èmi ni mo ṣí géètì fún Ẹ̀gbọ́n láàárọ̀. Àwọn ló gbé e wá."

Gbogbo wa wẹ̀yìn. Bàbá rẹ ló dúró gbẹ̀yìn pátápátá, lójú títì, bí ẹni tó fẹ́ wọkọ̀. Àwọn èèyàn yà fún un lọ́nà. Ó rìn wá dé ẹnu géètì, kò wọlé. Ó ní, "Òótọ́ lo fẹ́ẹ́ sọ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo ní kí a fi í sílẹ̀ nílé. Mo rò pé ara rẹ̀ á yá ni."

Bàbá Kúnlé kò gbójú kúrò lára ẹtu. Ó ní, "Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lẹ rò. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà." Ó tún ní, "Ẹ wọlé, Ẹ̀gbọ́n. Oòrùn ń pa yín."

Òfin baba wọn sì wà níbẹ̀, a gbọ́dọ̀ jẹun. Ìyá Kúnlé gbé ìkòkò kan jáde, èyí tí kò sẹ́ni tó ń se irú rẹ̀ fún ènìyàn mẹ́rin péré tó wà nílé wọn. Bàbá rẹ mu omi nílé àbúrò rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Mi ò ní parọ́ fún ọ pé gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà. Wọ́n tún jiyàn lórí òrùlé ilé abúlé kí oṣù náà tó parí, ohùn wọn sì lọ sókè. Ṣùgbọ́n orí àga kan náà ni wọ́n jókòó sí jiyàn ọ̀hún.

Mo bi bàbá rẹ pé, bí ajá bá ṣìnà ńkọ́? Ó ní, "Ìwọ lo kọ́ ọ. Mo ti ń wò yín láti ọjọ́ yìí wá. Mo mọ̀ pé kò ní ṣìnà."

Ìdí tí mo fi kọ gbogbo èyí nìyí. Mi ò sọ pé Táígà á parí ìjà kankan, n kò tilẹ̀ gbàdúrà kí ìjà wà nílé rẹ. Ohun tí mò ń sọ ni pé iṣẹ́ tí o bá fi sùúrù ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ fún ọ, o ò mọ ẹni tó ń wò ó, o ò sì mọ ohun tí ẹni náà máa gbójú lé e ṣe. Bí o ṣe máa ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì tuntun tí o gbà yẹn náà nìyẹn. Bí o ṣe máa ṣe ilé ọkọ náà nìyẹn. Kò le, Àṣàkẹ́. O ní sùúrù ju tèmi lọ, mo bí ọ, mo mọ̀.

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde ni a máa dé. Má fa Táígà wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Jẹ́ kí n wọlé, kí n jókòó, kí n bọ́ gèlè. Á wá bá mi fúnra rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ìyá Bùnmi.